Láti Aswan dé Edfu lórí odò Náílì: fẹ̀lúkà dára, alágbàtà ni kò dára

Èèyàn ò ní tíì dúró pẹ́ létí omi ní Aswan, ní gúúsù Íjíbítì, tí alágbàtà á fi yọ sí i. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ẹ sun òru mẹ́ta nínú fẹ̀lúkà, ọkọ̀ onígbòkun ibẹ̀, ẹ ó jí ní Luxor. Irọ́ gbuu ni, ó sì ń bí mi nínú nítorí pé owó Luxor ni wọ́n ń gbà. Fẹ̀lúkà kò ní ẹ́ńjìnnì. Ìgbòkun àti ìṣàn omi nìkan ló gbójú lé. Edfu ló lè dé ní òru mẹ́ta, nǹkan bíi kìlómítà 105 sí Aswan. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ségesège, Kom Ombo, nǹkan bíi kìlómítà 45, ni ẹ ó ti sọ̀. Ìdènà omi Esna sì tún wà lẹ́yìn Edfu, lójú ọ̀nà Luxor, níbi tí àwọn ọkọ̀ afẹ́ ńláńlá ti ń tò de ara wọn. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n á fi kó yín parí ọ̀nà yòókù.

Ẹ fi alágbàtà sílẹ̀, ẹ lọ bá ọ̀gá ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní ráyìsì, nínú ọkọ̀ rẹ̀ gan-an. Ẹ ní kó ká ibùsùn nílẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ pákó: bí omi bá dágún síbẹ̀, ẹ kọjá sí ọkọ̀ míì. Ẹ ka life jacket, ẹ fọwọ́ kan kúbùsù. Ẹ dárúkọ ibi tí ìrìnàjò máa parí sí, ẹ má kàn ka òru. Ẹ béèrè iye èrò: mẹ́fà rọrùn, mẹ́wàá ò ní ríbi na ẹsẹ̀ sí. Omi inú ike, ó kéré tán lítà mẹ́ta fún ẹnìkan lóòjọ́. Ìdajì owó ní Aswan, ìdajì níbi tí ẹ bá sọ̀ sí. Ráyìsì tó bá kọ èyí, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ohun tó ń fa wàhálà lórí odò yìí náà ló ń mú un dùn. Náílì ń ṣàn lọ sí àríwá, afẹ́fẹ́ sì sábà máa ń ti àríwá fẹ́ wá. Ẹni tó ń lọ sí gúúsù á ta ìgbòkun, afẹ́fẹ́ á gbé e. Ẹni tó ń lọ sí àríwá, omi á gbé e. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ mọ èyí débi pé, nínú àwòrán tí wọ́n fi ń kọ̀wé, ọkọ̀ tó ta ìgbòkun ni wọ́n ń yà fún lílọ sí gúúsù, èyí tí kò ta á fún lílọ sí àríwá.

Láti Aswan lọ sí Edfu, àríwá ni ẹ ń lọ, ojú gan-an ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù yín. Ọkọ̀ onígbòkun kò lè dojú kọ ọ́ lọ tààrà, nítorí náà ráyìsì á gbé e dábùú lọ sí etí odò kan, títí imú ọkọ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan koríko. Á wá ti igi ìtọ́kọ̀, ìgbòkun á gbá pàà bọ́ sí òdì kejì, ọkọ̀ á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó di etí odò kejì. Báyìí ló ń lọ kọ́lọkọ̀lọ látàárọ̀ dalẹ́. Nígbàkigbà tó bá yí, ife tíì, fóònù àti bàtà tí ẹ kò dì á yọ̀ lọ sápá tó rẹlẹ̀. Ẹ kó wọn sínú àpò kan, kí ẹ so ó mọ́ òpó ọkọ̀.

Irin pẹlẹbẹ kan wà lágbedeméjì ọkọ̀ tí wọ́n ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ sínú omi. Òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbá ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Níbi tí omi ò bá ti jìn, wọ́n gbọ́dọ̀ fà á sókè kíá. Bí wọ́n bá pẹ́, á kọ́ yanrìn, ọkọ̀ á dúró gbagidi, ẹnìkan á sì bọ́ sómi láti tì í. Bí afẹ́fẹ́ bá kú, àjẹ̀ gígùn ló kù. Bó bá le jù, ọmọ ọkọ̀ á fi ẹsẹ̀ lásán gun igi gbọọrọ tó gbé ìgbòkun dúró, á na ara lé e lókè lọ́hùn-ún, á máa ká aṣọ náà díẹ̀díẹ̀, á máa fi okùn dì í. Láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, afẹ́fẹ́ gbígbóná oníyanrìn tí wọ́n ń pè ní khamsin lè dá yín dúró sétí odò. Oṣù kẹwàá sí ìkejì ló dára jù. Àmọ́ otútù òru oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní kọjá agbára kúbùsù kan.

Oúnjẹ ló máa ń tu èèyàn lára. Orí sítóòfù gáàsì kékeré ni ọmọ ọkọ̀ ti ń se fúùlù, ẹ̀wà wọn tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú òróró àti ọsàn wẹ́wẹ́. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ, tòmátì àti wàràkàṣì funfun ni wọ́n fi ń gbé e jẹ. Kàkàdé tí wọ́n ń mu lé e kì í ṣe àjèjì sí wa: ìṣápá pupa ni, sóbò wa gan-an. Nídìí oúnjẹ yìí, owó tí èèyàn san kò dùn ún mọ́.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sí. Ráyìsì á gúnlẹ̀, ẹ ó gba ṣọ́bìrì. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mú ìró kan dání, ẹ ó fi ṣe ògiri, ẹ ó sì fi bora lóru. Ẹ má wẹ̀ létí odò níbi tí omi ti dágún, nítorí àwọn ìgbín kéékèèké ibẹ̀ ló ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Àárín odò, níbi tó ti ń ṣàn, ló sàn.

Ní Kom Ombo, etí omi gan-an ni tẹ́ńpìlì Sobek, òrìṣà tó ní orí ọ̀nì, wà. Ẹ wọlé ní kùtùkùtù kí èrò ọkọ̀ ńlá tó ya bò ó. Ní Edfu, tẹ́ńpìlì Horus, òrìṣà wọn míì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 237 ṣáájú Kristi kò jìnnà sí odò. Ẹ fẹsẹ̀ rìn ín. Àwọn tó ń fi ẹṣin fa kẹ̀kẹ́, iye kan ni wọ́n á pè ní àlọ, òmíràn ní àbọ̀. Owó ìdúpẹ́ tí ẹ bá sì ní fún ọmọ ọkọ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni kí ẹ fi í lé, ẹ má fi rán alágbàtà kankan.