Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: àárẹ̀ tí kì í lọ, lórí ilẹ̀ gíga Colorado

Bí chronic fatigue syndrome, àìsàn àárẹ̀ tí kì í lọ, bá wà lára yín, tí iṣẹ́ tàbí ẹbí sì fẹ́ gbé yín lọ sí ìlú tó ga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ kan gbọ́ lẹ́nu mi: iṣẹ́ ni wíwà lórí òkè. Mi ò sọ gígun òkè o. Wíwà níbẹ̀ lásán ni mò ń sọ. Kí ẹ tó gbé àpótí wọlé, kí ẹ tó wẹ̀, kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí fóònù, òkè ti gba owó ibodè tirẹ̀ lọ́wọ́ ara yín. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá á san án, kò sì ní mọ̀ pé òun san nǹkan kan. Àwa tí a ń ṣọ́ agbára lò, a máa mọ̀.

Aurora ni mò ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Denver, ní ìpínlẹ̀ Colorado. Houston la ti kó wá nígbà tí iṣẹ́ gbé ọkọ mi débí. Houston kò ga rárá, ooru rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti Èkó. Àìsàn yìí ti wà lára mi kí a tó kúrò níbẹ̀. Ibà kan ló mú mi, ibà lọ, àárẹ̀ kò lọ. Ẹ mọ bí tiwa ṣe máa ń rí: àwọn kan ní ọ̀lẹ ni, àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ mi ló kéré, ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán. Mo mu àgbo, mo gba ààwẹ̀, mo sì wá dókítà kiri títí mo fi rí èyí tí ọ̀rọ̀ mi yé. Òun ló ka àwọn àmì tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà fẹnu kò lé lórí ní 2015 sí mi létí: agbára tó dín kù jọjọ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, oorun tí kì í tu ara, ọ̀rọ̀ tó ń sọnù mọ́ èèyàn lẹ́nu, tàbí òòyì tó ń kọ́ni béèyàn bá dìde dúró, àti olórí gbogbo wọn, èyí tí àwa tó ní i ń pè ní crash. Èèyàn á ṣiṣẹ́ díẹ̀ lónìí, á rẹ́rìn-ín, á rò pé òun ti mú un jẹ. Lọ́la tàbí lọ́tùn-únla ni ara á dá a wó.

Àwọn èèyàn máa ń ní kò sí ọ́síjìn lókè. Ọ́síjìn wà. Nínú ọgọ́rùn-ún ìdá afẹ́fẹ́, nǹkan bí 21 ni ọ́síjìn ní etíkun Èkó, 21 náà ni ní Denver. Ṣùgbọ́n bí ibi bá ṣe ń ga sí i ni afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa ń dín kù, tí ìtẹ̀ rẹ̀ ń fúyẹ́, tí èémí kan ṣoṣo kì í kó tó bó ṣe ń kó ní etíkun mọ́. Ní Denver, tó ga tó mítà 1,609, ohun tí èémí ń kó wọlé fi nǹkan bí ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti etíkun. Ní Leadville, tó ga tó mítà 3,094, ó dín ní nǹkan bí 30. Ara á fẹ́ dí àlàfo náà: èémí á yára, ọkàn á máa lù kìkì, àní lórí ibùsùn. Kíndìnrín á máa tú omi dànù, ìtọ̀ á pọ̀, omi inú ẹ̀jẹ̀ á sì fà sẹ́yìn ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ pupa tuntun tí ara máa fi dí i kì í yá, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń gbà. Ẹ wá wo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti máa ń sọ̀ sí ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀ bó bá dúró, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré kó lè fà á gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa rí. Èyí tí kò tó tẹ́lẹ̀ ni òkè tún ń bù nínú rẹ̀.

Níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Denver, wọ́n gbẹ́ ẹ sára àtẹ̀gùn kẹẹ̀ẹ́dógún pé ibẹ̀ fi máìlì kan géérégé ga ju òkun lọ. Ní 2003, wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n ní àtẹ̀gùn kẹtàlá ni. Àwọn tó wá ya fọ́tò níbẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lójú tèmi, àtẹ̀gùn méjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yín látinú bàálù. Ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í rí bíi ti ilẹ̀. Ti ibi tó ga tó mítà 1,800 sí 2,400 ló máa ń jọ. Ẹni tó bá ti Èkó bọ̀ ti wà lórí òkè fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó fojú kan Denver. Ẹ̀yin tó ń gba Addis Ababa kọjá, pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀ ga ju Denver lọ, ó lé ní mítà 2,300. Ẹ bèèrè kẹ̀kẹ́ aláìsàn nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ojú á máa tì yín, ẹnì kan á sì béèrè ohun tó ṣe ẹsẹ̀ yín. Ẹ jókòó síbẹ̀.

Àlejò tó bá ní àìsàn yìí tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo máa ń sọ fún un tààrà: ọjọ́ tó o dé àti ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, o ò ní jáde, mi ò ní se àsè, ẹnikẹ́ni ò ní wá kí ọ káàbọ̀. Oúnjẹ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ. Bó bá jẹ́ àgbà, màá pọ̀n wọ́n lé, màá kúnlẹ̀ sọ ọ́, àmọ́ òfin ò yí padà.

Ilé ìdáná ló ń jẹ agbára jù, kò sì sí dókítà tó máa sọ èyí fún yín. Omi kì í dúró di 100 kó tó hó níbí. Ní Denver, ní nǹkan bíi 95 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ti ń hó. Ní Breckenridge, tó ga tó mítà 2,926, kò ju nǹkan bí 90 lọ. Ẹ ó rí i tí omi ń hó yaya, ẹ̀wà ò jinná. Ẹ ó dúró tì í, ẹ ó fi omi kún un, ẹ ó tún fi kún un, agbára tí ẹ fẹ́ fi wẹ̀ á sì tán sídìí sítóòfù. Ẹ lọ ra ìkòkò onípírẹ́ṣà. Mo máa ń rẹ ẹ̀wà mọ́jú, màá jókòó sórí àga gíga, màá gé àlùbọ́sà lórí itan, màá dé ìkòkò pa, màá lọ dùbúlẹ̀. Orí àga yẹn náà ni mo ti ń ro àmàlà. Iyán gígún ńkọ́? Pòǹdó wà lọ́jà. Irú àga bẹ́ẹ̀ kan tún wà nínú ilé ìwẹ̀ mi, nítorí omi gbígbóná àti ìdúró pọ̀ ju ohun tí ọkàn mi lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún ní Breckenridge. Ẹ ò rí nǹkan, aṣọ ẹbí ti dé orí yìnyín! Mo fẹ́ lọ, mo sì lọ. Sátidé ni àpèjẹ. Ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ mi wà mí dé Idaho Springs, tó ga tó nǹkan bíi mítà 2,300, a sùn síbẹ̀, mi ò ṣe ju kí n jẹun lọ. Lọ́jọ́ kejì a gba ihò Eisenhower, èyí tí wọ́n lu gba inú òkè kọjá ní òpópónà I-70, tó ga tó mítà 3,400. Nígbà tí a dé Breckenridge, mo dùbúlẹ̀ títí di ọjọ́ àpèjẹ. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi ṣàdéhùn ṣáájú: àga tó ní ìfẹ̀yìntì, nítòsí ilẹ̀kùn, jìnnà sí ẹ̀rọ agbóhùn. Ìjókòó ni mo ti wé gèlè, ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ sì wà lábẹ́ ìró mi. Bí onílù ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n kan fà mí lọ́wọ́.

"Dìde jó jàre, ijó ló ń lé àárẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi jó tèmi mọ́ tiyín. Tó bá jẹ́ ti owó, ẹ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi níwájú níbi tí mo jókòó sí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́. Kí jọ̀lọ́ọ̀fù tó kárí ni mo ti padà sórí ibùsùn. Òfin tí àwọn dókítà òkè ṣe fún ẹni tí ara rẹ̀ dá ni pé bó bá ti kọjá mítà 3,000, kí ibi tó máa sùn lálẹ́ má fi ju mítà 500 lọ ga ju ti àná. Láti 2,000 ni èmi ti ń ṣọ́ra.

Àwọn kan á ní kí ẹ máa rìn gun òkè díẹ̀díẹ̀ kó lè mọ́ yín lára. Ó máa mọ́ ara, ṣùgbọ́n kò nílò ìrìn yín; bí ẹ bá sùn, kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ ń ṣe tiwọn. Ní ti eré ìdárayá tí wọ́n ń fi kún díẹ̀díẹ̀ bí ìtọ́jú fún àìsàn yìí, NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní England, ti sọ nínú oṣù kẹwàá 2021 pé kí wọ́n má fún aláìsàn mọ́. Ẹ fi ìyẹn dá wọn lóhùn.

Ibi tó le jù rèé. Orí fífọ́, èébì, òòyì, àìróorunsùn, ara ríro: àmì àìsàn òkè ni wọ́n, àmì crash náà ni wọ́n. Àìsàn òkè sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ibi tó bá ti ju mítà 2,500 lọ, láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ kan téèyàn dé, orí fífọ́ ló sì máa ń ṣáájú rẹ̀. Crash máa ń tọ iṣẹ́ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ta ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀ láàjìn? Níbi gíga, òkè ni mo máa ń kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Ẹ má sọ pé "àárẹ̀ mi náà ni, ó ti mọ́ mi lára." Gbólóhùn yẹn lè pa èèyàn. Bí orí bá ń fọ́ tí ìsinmi kò sì ràn án, ẹ má gòkè sí i. Bó bá ń le sí i, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Béèyàn bá fi mítà 500 sí 1,000 sọ̀ kalẹ̀ tí ara sì fúyẹ́ kíákíá, òkè ni. Crash ò mọ̀ pé ẹ ti sọ̀ kalẹ̀. Bí èémí bá ń já lórí ìjókòó, bí ikọ́ bá ń mú ìfófò jáde, bí èèyàn kò bá lè rìn tààrà mọ́ tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lórí, ẹ má dúró di àárọ̀. Ẹ pe 911, kí ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀. Mo kọ èyí sínú ìwé kan tó wà lápò ọkọ mi, torí ẹni tó bá ń ṣe kì í mọ̀.

Ẹ mọ jínótáìpù yín kí ẹ tó lọ. Nínú àwa ọmọ Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS, ìgbà ìgbéyàwó nìkan la sì máa ń rántí bèèrè. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan tó jẹ́ AS níbi gíga pé ẹ̀jẹ̀ kò dé spleen wọn dáadáa, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ ìhà òsì, tí apá kan rẹ̀ sì kú. Kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìhà òsì bá gún yín lójijì lókè, ẹ tètè sọ fún dókítà pé AS lẹ jẹ́, torí ó lè má wá sí i lọ́kàn. Ẹni tí fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà, kó má gbéra láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ ti fọwọ́ sí i.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sórí ìka láti fi wo ọ́síjìn wúlò, àmọ́ kì í sọ òótọ́ délẹ̀ lára àwọ̀ dúdú. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Michigan tẹ̀ jáde ní 2020 fi hàn pé ìgbà tí ọ́síjìn aláwọ̀ dúdú lọ sílẹ̀ tí ẹ̀rọ náà kò sì rí i fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Nítorí náà, ẹ nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò ní ìka kan, ẹ mọ iye tiyín nílé nígbà tí ara balẹ̀, kí ẹ sì máa wo bó ṣe ń jìnnà sí iye yẹn. Mi ò gba ẹ̀rọ yẹn láyè láti sọ fún mi pé kò séwu nígbà tí ara mi ń sọ òmíràn.

Ẹ ní kí dókítà wo irin inú ẹ̀jẹ̀ yín, pàápàá ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ṣì ń ṣe nǹkan oṣù, torí láìsí irin, ẹ̀jẹ̀ pupa tí òkè ń bèèrè kò ní ṣeé ṣe. Omi, ẹ mu ún. Iyọ̀ ni kí ẹ bèèrè kí ẹ tó fi kún, torí ẹ̀jẹ̀ ríru wà nílé ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ fi ọtí àti oògùn oorun sílẹ̀ ní àwọn alẹ́ àkọ́kọ́, èémí lókè kò fẹ́ ohun tó máa dẹ̀ ẹ́. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní acetazolamide, ó máa ń dènà àìsàn òkè, ṣùgbọ́n ó tún máa ń mú kí èèyàn tọ̀ sí i, èyí tí kò rọrùn fún àwa tí omi ara wa kò tó. Dókítà ni kó pinnu.

Sísọ̀ kalẹ̀ náà ní tirẹ̀. Bí mo bá dé Èkó láti ibí, ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ máa ń dùn mọ́ mi lára: èémí á kún àyà, ọkàn á rọra máa lù. Ẹbí á ní, "Ara rẹ mà ti yá o!" Ìkómọ, ìsìnkú, ìgbéyàwó, wọ́n á ti to orúkọ mi sí i. Àìsàn kò lọ ibì kan, ooru Èkó sì tún ń fa ẹ̀jẹ̀ sọ̀ sí ẹsẹ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ò ní rí mi mọ́. Ìwọ̀n iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Aurora náà ni mo máa ń bá lọ sílé, ẹnikẹ́ni kì í sì í mọ ọjọ́ tí mo máa dé àyàfi àbúrò mi obìnrin tó ń wá gbé mi ní pápákọ̀.