Kò sẹ́ni tí mo lè pè wá jẹ ẹ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òjò pa wá ní Mọ́kọ́lá, mo pẹ́ débi iṣẹ́, ọ̀gá sọ tẹnu ẹ̀. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ ìyá kan tó jókòó ti Màámi níbi tá a ti ń dúró de dókítà àtọ̀gbẹ ni ò kúrò létí mi. Màámi bi í pé báwo ló ṣe ń bá oúnjẹ tí wọ́n kọ fún un yí. Ó ní, "Mò ń jẹ ẹ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tí mo lè pè wá jẹ ẹ́." Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

211 ni ẹ̀rọ tá a fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Màámi kọ láàárọ̀, kó tó fi nǹkan kan ẹnu. 80 sí 130 ni dókítà ń fẹ́. Inú ti ń bí mi látìgbà yẹn. Ìsọmọlórúkọ àná ni mo di ẹ̀bi rù. Màámi kọ́kọ́ ní òun ò jẹ o, ni ìyá ọmọ bá kúnlẹ̀: "Ẹ ò ní jẹun wa ni, Mà? Kí la ṣe fún yín?" Kí lẹ fẹ́ kó sọ? Kó máa ròyìn àtọ̀gbẹ níwájú ọmọ jòjòló? Àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú. Ẹni tó sì ta elúbọ ní Bódìjà títí a fi jáde ìwé...

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi ńkọ́? Látìgbà tí wọ́n ti ní kó dín elúbọ kù, wíìtì ni mò ń rò fún un, ràbàtà, bí ẹni pé oògùn ni. Ọmọbìnrin tó ń gbani nímọ̀ràn oúnjẹ ló là mí lójú lónìí: wíìtì o, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú o, ẹ̀bà o, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, bó ṣe pọ̀ tó ni ká máa wò. Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó ní kó má ju báyìí lọ, kí ẹ̀fọ́ gba ìyókù àwo. Màámi wo ọwọ́ náà títí. "Ọmọ mi, ẹ̀ṣẹ́ tìẹ kéré. Ṣé a ò lè lo tèmi?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. (Bébà tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí tún ti gbówó lórí. Ẹ má jẹ́ n bẹ̀rẹ̀.)

Kò sẹ́ni tí mo lè pè wá jẹ ẹ́. Ìyá yàrá kejì wọlé bá wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun bá wa ire. Màámi tí kì í jẹun kó má pe èèyàn, ó fa ìdérí bo àwo. Mo rò pé oúnjẹ náà ló sú u. Àbí ojú ló ń tì í? N ò bi í. Mo kàn ń ka iye òkèlè tó ṣẹ́ kù.

Lálẹ́ yìí mo ro wíìtì ẹ̀ṣẹ́ kan fún un, ẹ̀ṣẹ́ kan fún mi, mo se tẹ̀tẹ̀ tó pọ̀ dáadáa. Ó bi mí pé ṣé elúbọ tán nílé ni. Mo ní ebi ò fi bẹ́ẹ̀ pa mí.

Aago mọ́kànlá ti kọjá. Búrẹ́dì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́bọ́ọ̀dù wà ní yàrá Màámi, n ò sì mọ̀ bóyá ó ti sùn.