Long Lake Èwo?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ohun tó sì kó bá mi nìyẹn. Bí o bá ti lè fẹnu kọ níbi iṣẹ́ ní Minnesota l'Amẹ́ríkà pé etí ọ̀sà ni wọ́n bí ọ sí, pé ìyá ìyá rẹ ń ta ẹja ní ọjà Òlúwo, àwọn òyìnbó á gbà pé ìwọ̀ ni wọ́n fi gé ìwọ́ rẹ. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ti mú ẹja rí. Ká sọ tòótọ́, ẹja tí mo mọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, inú àwo ni mo ti mọ̀ ọ́n. Èyí tó bá ṣì wà nínú omi, ti àwọn apẹja ni. Tèmi ò ju kí n gbé igbá tẹ̀lé màmá lọ.

Bàbá òyìnbó kan wà níbi iṣẹ́ wa tó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Bàbá yìí ò lè sọ gbólóhùn méjì kó má mẹ́nu ba walleye. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹja tí àwọn ará Minnesota fi ń yangàn ni walleye. Láti ọdún 1965 ni wọ́n ti fi òfin sọ ọ́ di ẹja ìpínlẹ̀ wọn, àfi bí ẹni fi í joyè. Ní Garrison, létí adágún Mille Lacs, wọ́n gbé ère rẹ̀ gàgàrà kan síbẹ̀, àwọn èèyàn á sì tò síwájú rẹ̀ láti ya fọ́tò bí ẹni wá kí ọba. Ara rẹ̀ dà bí idẹ tí wọn ò tíì fọ̀, eyín rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ sì ń tàn bíi ti ológbò tí iná mọ́tò bá pàdé lóru. Ojú yẹn ni gbogbo ọgbọ́n tó ní. Ó ń ríran nínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì ju àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tó ń jẹ lọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ló máa ń jáde wá oúnjẹ. Bí oòrùn bá mú, á wábi jíjìn sá sí.

Nígbà tí Bàbá gbọ́ pé mo fẹ́ lọ dẹ odò wò, ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ní ẹni tó bá ń lọ sí adágún tí kò dé rí kì í kàn dé ibẹ̀ kó máa ju ìwọ̀ kiri. Máàpù ni kí n kọ́kọ́ wá. Ìjọba ti gbé máàpù àwọn adágún sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ìlà tó wà lára rẹ̀ ló ń sọ bí omi ṣe jìn tó. Ibi tí àwọn ìlà náà bá ti fún mọ́ra, ilẹ̀ abẹ́ omi ibẹ̀ já wálẹ̀ gẹ̀rẹ́. Ibi tí òkúta bá ti yọ gọngọ bí òkè lábẹ́ omi, tí omi jíjìn sì yí i ká, ọjà wọn nìyẹn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gun òkè náà wá jẹun. Kí n máa wo ìhà tí atẹ́gùn ń gbá ìgbì lọ, torí omi tó bá ń ru díẹ̀ kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ráyè wọlé. Kí n fi eṣúṣú kọ́ ìwọ̀ olójèé kékeré, kí n jẹ́ kó kanlẹ̀, kí n wá máa gbé e sókè sódò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ogún ìṣẹ́jú bá kọjá tí ohunkóhun ò fọwọ́ kàn án, kí n kúrò níbẹ̀, kí n má ṣe agídí.

Adágún tó ní kí n lọ ń jẹ́ Long Lake. Ìrìn wákàtí méjì àbọ̀ ni, ní ìhà àríwá. Ó tẹ máàpù rẹ̀ jáde fún mi, ó fi bírò pupa yí òkè kan po láàárín omi, ó tún yá mi ní ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ tí wọ́n fi páànù ṣe, pẹ̀lú ọmọlanke onítáyà méjì tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí mọ́tò láti fi gbé e. Kí ni ọmọ èèyàn tún ń fẹ́?

Eṣúṣú ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ìjẹ ìwọ̀ ni mo ti rà wọ́n, méjìlá-méjìlá, nínú ike olómi. Ẹni tó tà wọ́n ní kí n gbé wọn síbi tó tutù. Ibo ló tún tutù nínú ilé ju fíríìjì lọ? Mo tì wọ́n sẹ́yìn abọ́ ẹ̀fọ́, mo lọ sùn. Ní agogo mẹ́fà àárọ̀ Sátidé, igbe ìyàwó mi ló jí mi.

"Bàbá Ìbejì! Bàbá Ìbejì o! Kí ló ń lúwẹ̀ẹ́ nínú fíríìjì mi?"

"Ìjẹ ẹja ni. Má pariwo, àwọn ọmọ ń sùn."

"Eṣúṣú! Ẹ fowó ra eṣúṣú! Èyí tí màmá mi ń da iyọ̀ sí kó lè tú lẹ́sẹ̀ wa, ẹ̀yin lọ fi dọ́là rà á, ẹ tún wá gbé e ti ẹ̀fọ́ mi!"

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, kó máa lọ ata sílẹ̀. Walleye mẹ́fà ni òfin gbà fún ẹnì kan nígbà náà, èmi àti àbúrò rẹ̀ ló sì ń lọ. Méjìlá nìyẹn, ká má tíì ka èyí tí a ó dá padà. Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Olúwa á pèsè," ló ní, ohùn tí à ń fi dá alágbe lóhùn gan-an.

Aago mẹ́ta ọ̀sán la gbéra. Èmi ni mo wa mọ́tò, fóònù àbúrò ìyàwó mi ló ń júwe ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n tẹ̀?"

"Long Lake."

Ó tẹ̀ ẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ yọjú ló mú. Ìhà àríwá la gbà pé à ń lọ, ṣùgbọ́n oòrùn kàn ń wọ̀ wá lójú ṣáá, a sì ń fa ìbòjú mọ́tò wálẹ̀, kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé kí ni oòrùn ọ̀sán ń wá lápá àríwá. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lẹ́yìn náà, fóònù ní a ti dé. Ẹni tó lọ́pọlọ á béèrè wákàtí méjì àbọ̀. Èmi dúpẹ́ ni. Mo ní àwọn arúgbó kì í sáré.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà mọ mọ́tò wà o," àbúrò ìyàwó mi ló wí bẹ́ẹ̀. Inú mi sì dùn.

N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí bí mo ṣe fi ẹ̀yìn ti ọmọlanke yẹn wọ omi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbìyànjú rẹ̀. Bí o bá yíwọ́ sọ́tùn-ún, á forí lé òsì, bí ọmọ tí wọ́n ní kó má ṣe. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

A wa ọkọ̀ dé àárín gbùngbùn. Máàpù ní ibi tí a wà yìí jìn tó 30 ẹsẹ̀ bàtà. Mo ti so òjé mọ́ okùn kan, mo sì ta kókó kan sí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀. Mo jù ú sómi. Ó ń lọ, ó ń lọ. Kókó méje, ó dúró.

Mo dìde nínú ọkọ̀, ohun tí èèyàn kì í ṣe. "Orí òkè la wà! Orí òkè la bọ́ sí tààrà!" Mo fi àmì pupa orí máàpù hàn án. Àwọn kan á wá òkè abẹ́ omi láti àárọ̀ dalẹ́ wọn ò ní rí i, èmi ju òjé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀pẹ́ ni, mo sọ fún un. Ó ní òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n.

Ogún ìṣẹ́jú kọjá, koríko omi nìkan ni ìwọ̀ wa ń gbé wá, ó rọ̀ mọ́ ọn bí irun tó já sí kóòmù. A kúrò níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí. A lọ síhà ibi tí máàpù pè ní 22. Mo ju òjé. Kókó mẹ́fà.

"Òkè yìí fẹ̀ o," ni mo wí.

A wà á lọ sápá kejì. Kókó méje. A padà síhà ibi tí a ti wọlé. Mẹ́fà.

"Ẹ̀gbọ́n," ó rọra sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀, "ṣé kì í ṣe pé gbogbo adágún yìí ni òkè náà?"

"Kí lò ń sọ? Máàpù ìjọba rèé."

"Máàpù ìjọba yìí kan náà ló ní erékùṣù kan wà lápá òsì wa."

Mo wo apá òsì. Omi ni, pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta. Mo ní ó ṣeé ṣe kí omi ti kún bò ó.

"Tòun ti igi orí rẹ̀?"

Mo ní kó dákẹ́, pé ariwo ń lé ẹja.

Nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀, tí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í ru omi díẹ̀díẹ̀ bí Bàbá ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́, ohun kan fa ìwọ̀ mi. Kò fà á bí ìfà ojú kòkòrò. Ó kàn gbé e mì, ó ń lọ sílé. Mo fà á. Ọ̀pá tẹ̀ kòrókòró. Mo ti ń gbọ́ ohùn ìyàwó mi tó ń tọrọ àforíjì. Nǹkan náà wá yọjú lábẹ́ ọkọ̀: dúdú, orí pẹlẹbẹ, ó ń yọ̀ tìnrìn, irùngbọ̀n mẹ́jọ yí ẹnu rẹ̀ ká.

"Àrọ̀!" Àbúrò ìyàwó mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sómi. "Ẹ̀gbọ́n, àrọ̀ ni!"

Kì í ṣe àrọ̀ gan-an, àmọ́ bàbá kan náà ló bí wọn. Bullhead ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Mo sì dì í mú bí ẹni dì ẹja inú ọbẹ̀ mú. Ọmọ ẹlẹ́ja Òlúwo, tó yẹ kó mọ̀ pé ẹja onírùngbọ̀n máa ń ní ẹ̀gún lẹ́yìn àti lábẹ́ etí méjèèjì, mo rọ́wọ́ gbá a mú! Ẹ̀gún náà wọ̀ mí ní àtẹ́lẹwọ́. Igbe tí mo ké lé pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta yẹn dìde. Àbúrò ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ láti gbà mí, fóònù rẹ̀ yọ́ kúrò ní àpò àyà, ó ní pọ́múkú.

A jùmọ̀ ń wo ojú omi.

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà péré ni," mo ní kí n fi tù ú nínú. Ó fi àjẹ̀ tọ ìsàlẹ̀ wò. Àjẹ̀ wọ inú ẹrẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan omi. A fi fóònù sílẹ̀ fún onílẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, àwọn bullhead ò jẹ́ ká simi. Bí eṣúṣú bá ṣe ń kanlẹ̀ báyìí, wọ́n ti gbé e. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, mọ́kàndínlógún ló wà nínú garawa. Bàbá àgbà kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lórí afárá pákó nígbà tí a gúnlẹ̀. Ọmọ náà yọjú wo inú garawa, ó yín imú. Mo bi bàbá àgbà náà pé ìgbà wo ni walleye ibẹ̀ máa ń jẹun. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú.

Ó ní omi yìí kò jìn rárá. Tí yìnyín bá bò ó nígbà òtútù, tí òjò dídì tún gorí yìnyín, ìmọ́lẹ̀ kì í wọlé mọ́, koríko inú rẹ̀ á kú, á máa jẹrà, èémí inú omi á sì tán. Ẹja gidi á kú. Bullhead àti irú wọn ló lè fi èémí táṣẹ́rẹ́ yẹn dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo na máàpù sí i pẹ̀lú ìbínú. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ó ní Long Lake ni lóòótọ́, Long Lake sì ni ibí náà, àmọ́ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ìpínlẹ̀ yìí ní adágún 11,842 tí kò kéré sí eékà mẹ́wàá. Ẹ rò ó wò: ta ló fẹ́ ronú orúkọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Long Lake nìkan ju ọgọ́rùn-ún lọ.

Àbúrò ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan. Ó kàn wo òjé ọwọ́ mi, ó wo máàpù, ó ní, "Òkè yìí fẹ̀ lóòótọ́, Ẹ̀gbọ́n."

Ìyàwó mi ṣí garawa, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Ó da iyọ̀ àti omi gbígbóná sí wọn láti fi bó yíyọ̀ ara wọn, ó gé wọn, ó sì da efinrin sí pẹpẹ súùpù náà tó fi jẹ́ pé aládùúgbò wa tó jẹ́ ará Làìbéríà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. "Ẹ ò bá ti sọ pé àrọ̀ lẹ ń lọ mú," ni ìyàwó mi wí. "N kò bá ti fún eṣúṣú láyè tó dáa nínú fíríìjì."

Ní Mọ́ńdè, mo fi fọ́tò han Bàbá níbi iṣẹ́. Ó wò ó pẹ́. Ó bi mí bóyá a dá wọn padà sómi. Mo ní a jẹ wọ́n. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká bí ẹni ń kí ọlọ́fọ̀.

Àmọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn yọ. Díákónì kan mu abọ́ méjì nínú súùpù yẹn. Nígbà tó wá gbọ́ pé walleye ni wọ́n ń ka iye rẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà, pé bullhead, ọgọ́rùn-ún ni òfin gbà fún ẹnì kan, ó kó ẹgbẹ́ ọkùnrin jọ. Mọ́tò mẹ́ta, kúlà mẹ́jọ, Sátidé tó ń bọ̀.

"Ọmọ Ẹ̀pẹ́, ẹ ṣáà fi ọ̀nà ibẹ̀ hàn wá."

Fóònù tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀. Mo yọ tèmi, mo tẹ Long Lake sí i. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í tò wálẹ̀, Long Lake, Long Lake, Long Lake, mo ń fi ìka fà á sókè, kò tán. Díákónì fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó na ọrùn wò ó.

"Èwo ni?"

Mo wò ó fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó mọ ohun tó ń wá. Mo wá fọwọ́ kan ìkẹta.