Wíńtà Nílùú Ọba: Ìmọ́lẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wá

Tí wíńtà bá ń bọ̀, òtútù nìkan ni ọ̀pọ̀ wa máa ń múra sílẹ̀ dè: kóòtù ńlá, ìbọ̀wọ́, kúbùsù. Gbogbo rẹ̀ ló dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó ga jù tí mo kọ́ ni pé òtútù kọ́ ló ń jẹ́ kí ayé súni láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì. Àìrí ìmọ́lẹ̀ ni. Nílé, kódà nígbà ọyẹ́, ojúmọmọ máa ń lé ní wákàtí 11 ààbọ̀. Ní London, láàárín oṣù Kejìlá, nǹkan bí aago 8 àárọ̀ ni oòrùn tó ń yọ, á sì ti wọ̀ kí aago 4 tó lù. Ní Aberdeen, kò tó wákàtí 7. Ẹni tó bá wọ ibi iṣẹ́ ní aago 7, tó jáde ní aago 5, lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìfojú kan oòrùn.

Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé láàárọ̀ ni ọpọlọ fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Bí kò bá rí i, ara kò ní í jí dáadáa. Lọ́dún 1984, Dókítà Norman Rosenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé àìsàn ìbànújẹ́ ọkàn tí àìrí ìmọ́lẹ̀ yìí máa ń fà nígbà wíńtà, wọ́n sì pè é ní SAD (Seasonal Affective Disorder). Ohun tó ń jẹ́ kó ṣòro láti mọ̀ láàárín wa ni pé ẹni tó ń ṣe lè má sunkún rárá. Á kàn máa sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀bà, ìrẹsì àti nǹkan dídùn á máa wù ú jẹ ṣáá, á sanra sí i, kò ní í gbé fóònù mọ́. Àwọn ará ilé á ní ó ti ya ọ̀lẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Jíjáde síta ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Lux ni wọ́n fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Iná pálọ̀ kì í sábà kọjá lux 300, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, bí ìkùukùu tiẹ̀ bo ojú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ ìta máa ń ju lux 1,000 lọ dáadáa. Nítorí náà, ẹ fi ìdajì wákàtí rìn níta lójoojúmọ́, àárọ̀ ló dáa jù, àbí àkókò oúnjẹ ọ̀sán níbi iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru, pàápàá ẹ̀yin olùtọ́jú arúgbó, ẹ̀yin ló kàn jù. Tí ẹ bá sùn ní aago 9 àárọ̀, ẹ fi aláàmù sí aago 2, kí ẹ sì ti wà níta kí aago 3 tó lù. Ẹni tó bá sùn di aago 4, òkùnkùn ló máa jí bá.

Tí iṣẹ́ kò bá gbà yín láyè, ẹ ra àpótí ìmọ́lẹ̀ tó ní lux 10,000. Ẹ ka ara páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, nítorí ìwọ̀n yẹn ní bó ṣe gbọ́dọ̀ sún mọ́ ojú tó, bíi 30 cm. Ẹni tó bá gbé e sí igun yàrá kò rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ oúnjẹ àárọ̀, kó kọjú sí yín díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ la ojú sílẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ má tẹjú mọ́ ọn, fún ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí ẹ bá jí. Ẹ má lò ó lálẹ́, á lé oorun lọ. Ẹni tó ní àrùn ojú, ẹni tó ní bipolar (àìsàn ọpọlọ tí inú ẹni á dùn kọjá ààlà, á sì tún bàjẹ́ gan-an), àti ẹni tó ń lo oògùn tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa pa ojú tàbí awọ lára, kí wọ́n kọ́kọ́ bi dókítà.

Fítámì D tún yàtọ̀. Ojú ni ìmọ́lẹ̀ tó ń mú orí wú ń gbà wọlé, awọ ara ló sì ń fi oòrùn ṣe fítámì D, nítorí náà ọ̀kan kò lè rọ́pò èkejì. Láti oṣù Kẹwàá títí wọ oṣù Kẹta, oòrùn Ìlú Ọba kò lágbára tó fún iṣẹ́ yẹn, awọ dúdú sì nílò oòrùn ju awọ funfun lọ. Ìmọ̀ràn ìjọba níbẹ̀ ni microgram (µg) 10 lójúmọ́ (400 IU lára páálí), kí àwa aláwọ̀ dúdú sì rò ó láti lò ó yí ọdún ká. Ẹ má lò ju 100 µg, ìyẹn 4,000 IU, lọ lójúmọ́: tó bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, kálísíọ́mù á kún inú ẹ̀jẹ̀, á sì ba kíndìnrín jẹ́. Ẹja títù àti sàdíìnì ní in pẹ̀lú.

Ní ti òtútù fúnra rẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta dáa ju ọ̀kan tó nípọn lọ, kí èyí tó kan ara má jẹ́ òwú, nítorí òwú máa ń mu òógùn, á sì tutù síni lára. Ìbọ̀sẹ̀ méjì nínú bàtà tó há ń mú kí ẹsẹ̀ tutù sí i. Ẹ jẹ́ kí ilé wà ní 18°C ó kéré tán. Tí ẹ bá ń se ọbẹ̀, ẹ dé ìkòkò, ẹ sì ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí ooru omi yẹn ló ń jẹ́ kí nǹkan dúdú máa hù lára ògiri. Ẹni tó jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ fi òtútù ṣeré: kó wọṣọ kó tó jáde, kó sì máa mu omi bí òùngbẹ kò tiẹ̀ gbẹ ẹ́, torí òtútù àti àìtó omi lè fa ìrora.

Àdúrà dáa, mo sì gbà á gbọ́. Ẹ gbà á, kí ẹ sì rí GP (dókítà àdúgbò yín) pẹ̀lú, tí ayé bá ti sú yín fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní England, ẹ lè fi orúkọ ara yín sílẹ̀ fún NHS Talking Therapies, ìyẹn ìtọ́jú ọkàn nípa ìfọ̀rọ̀wérọ̀, láìdúró de GP. Tí ọ̀rọ̀ bá di kánjúkánjú níbẹ̀, ẹ pe 111, kí ẹ tẹ 2. Samaritans, ẹgbẹ́ àánú tó ń tẹ́tí sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, ń gbé fóònù tọ̀sán-tòru lórí 116 123, ọ̀fẹ́ ni. Tí ẹ̀mí bá ti wà nínú ewu, 999 ni kí ẹ pè, kí ẹ sì dúró ti ẹni náà títí wọ́n á fi dé.