Ibi tó yẹ kí wọ́n mọ ògiri sí nínú ayé géèmù

Nínú àwọn géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi EverQuest, World of Warcraft àti Final Fantasy XIV, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló máa ń gbé inú ayé kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kálukú ní akọni tirẹ̀ tó ń darí, tí kálukú sì ní iṣẹ́ tí géèmù rán an. Ìbéèrè tó ti ń da àwọn tó ń kọ irú géèmù bẹ́ẹ̀ láàmú láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ohun tí wọn yóò ṣe nígbà tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá fẹ́ pa iwin kan náà, ní ibì kan náà, ní wákàtí kan náà. Ìdáhùn tó gbajúmọ̀ jù lọ ni ohun tí gbogbo wa mọ̀ sí instance: bí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá ti gba ẹnu ọ̀nà ihò kan kọjá, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ayé géèmù náà ró, yóò ṣe ẹ̀dà ihò náà fún yín nìkan, ẹlòmíràn tó bá sì gba ẹnu ọ̀nà yẹn kan náà kọjá yóò bá ara rẹ̀ nínú ẹ̀dà tirẹ̀, kò ní rí yín, ẹ̀yin náà kò ní rí i. Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn eléré ti ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní instance ló gba géèmù là, àwọn mìíràn ní òun ló sọ ayé géèmù di ahoro. Lójú tèmi, ìṣòro méjì tó yàtọ̀ síra ni wọ́n ń pè ní ọ̀kan. Àìtó ohun tí à ń wá lọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ èrò lọ́tọ̀, oògùn tó sì wo àkọ́kọ́ sàn ti ṣe ìpalára nígbà tí wọ́n fún èkejì lò ó.

EverQuest, tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 1999, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Ihò kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lower Guk, tí apá kan rẹ̀ jẹ́ ibùgbé àwọn òkú ọ̀pọ̀lọ́ tó ń rìn bí ènìyàn. Nínú yàrá kan níbẹ̀ ni òkú kan tó ń jẹ́ frenzied ghoul ti máa ń yọjú, òun ló sì máa ń ní ọ̀já dúdú kan lọ́wọ́, Flowing Black Silk Sash, tó ń mú kí ọwọ́ ẹni tó bá dè é mọ́ra fi ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún yá sí i lójú ìjà. Kò sí jagunjagun tí kò fẹ́ ọ̀já yìí. Ṣùgbọ́n frenzied ghoul kì í yọjú nígbà gbogbo. Lọ́pọ̀ ìgbà, òkú lásán ni yóò dìde sí ipò rẹ̀, àwọn tó wà ní yàrá yóò pa á, wọn yóò tún jókòó, wọn yóò sì dúró fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kí òmíràn tó dìde. Bí ẹni tí wọ́n ń retí bá sì wá yọjú lóòótọ́, ọ̀já náà lè má sí lára rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe ń jókòó ti ògiri yàrá kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ilé ayé fún ara wọn. Ẹni tó bá dé yóò béèrè ẹni tó di ibẹ̀ mú, wọn yóò fi orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àwọn tó ti ń dúró, yóò sì di ìgbà tó bá kàn án. Kò sí òfin kankan nínú sáfà tó ń ṣọ́ ìlà yẹn. Àwọn eléré fúnra wọn ló gbé e kalẹ̀, ojú àti orúkọ rere ló sì ń ṣọ́ ọ, nítorí pé ẹni tó bá já ìlà lónìí yóò nílò ẹni tí yóò jí òun dìde lọ́la, gbogbo ìlú yóò sì ti gbọ́ ohun tó ṣe.

Ìyẹn ni apá tó dára, mo sì gbà pé ó dára lóòótọ́. Apá kejì burú. Àwọn ọ̀gá iwin ńlá bíi dírágónì Lord Nagafen àti Lady Vox, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n nígbà náà lórí sáfà kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá sì ti pa wọ́n, ọjọ́ mélòó kan ni yóò kọjá kí wọ́n tó padà wáyé. Ẹgbẹ́ tó lágbára jù ní ìlú á yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ibẹ̀, bí iwin náà bá sì ti yọjú, fóònù ni wọn yóò fi jí ara wọn lójú oorun, kí ẹgbẹ́ mìíràn tó wọ bàtà, iṣẹ́ ti parí. Ẹni tó ní iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́sàn-án, tó ní ọmọ tó ń tọ́, kò lè bá irú wọn dù ú. Fún àwa tí à ń gbé ibi tí iná ọba ti lè lọ nígbàkigbà, tí epo inú jẹnẹrétọ̀ sì níye, géèmù tó bá ní kí ènìyàn jókòó fún wákàtí mẹ́jọ kí ó tó rí ọ̀já kan gbà ti tì wá síta kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Brad McQuaid, ọ̀kan nínú àwọn tó dá EverQuest sílẹ̀, kò fara mọ́ instance, géèmù Vanguard tó tún ṣe, tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2007, kò sì gbára lé e rárá. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ rẹ̀ pé ìdíje fún ohun tí kò tó ló ń so ènìyàn pọ̀, ṣùgbọ́n ìdíje tí ẹni kan náà ń borí lójoojúmọ́ kì í so ènìyàn pọ̀, ńṣe ló ń lé wọn lọ.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ilé, nítorí pé ọ̀pọ̀ èrò ní wàhálà tirẹ̀ tí kò kan ọ̀já àti dírágónì. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá gbé ẹsẹ̀, sáfà gbọ́dọ̀ sọ fún gbogbo ẹni tó lè rí i. Bí ènìyàn 100 bá péjọ sí ojúde kan, tí gbogbo wọn sì ń rìn, ìròyìn tí sáfà ní láti pín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000. Bí wọ́n bá di 200, kì í ṣe ìlọ́po méjì, ó ti di 40,000. Ìdí nìyí tí géèmù fi máa ń há ní ọjà ìlú tó sì máa ń já geere nínú igbó. Asheron's Call, tó jáde ní ọdún 1999 bákan náà, ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ya ènìyàn lẹ́nu kí wọ́n tó tì í pa ní ọdún 2017: bí èrò bá pọ̀ jù ní ibì kan, ìjì kan tí wọ́n ń pè ní portal storm yóò gbé àwọn kan nínú wọn, yóò sì lọ jù wọ́n sí ibòmíràn. EVE Online gba ọ̀nà mìíràn ní ọdún 2012. Nígbà tí ọkọ̀ ojú òfuurufú bá pọ̀ jù lójú ogun, wọ́n á dín ìyára àkókò kù, títí tí yóò fi di ìdá kan nínú mẹ́wàá bí ó ṣe yẹ kó máa lọ, kí sáfà lè rí ọ̀nà mí. Nínú ogun B-R5RB ti oṣù kìíní ọdún 2014, ó lé ní 7,000 akọni tó kópa, ogun náà sì gba nǹkan bí wákàtí 21. Gbogbo wọn wà nínú ayé kan náà, kò sí ẹ̀dà kankan. Mo fẹ́ràn ìpinnu yìí gan-an, nítorí pé àwọn tó ṣe é gbà pé bí ènìyàn bá tilẹ̀ ń rìn bí ìgbín, kí wọ́n ṣáà jọ wà níbẹ̀.

Anarchy Online ti ń fún eléré ní ẹ̀dà iṣẹ́ tirẹ̀ láti ọdún 2001. EverQuest fúnra rẹ̀ gbà á wọlé ní ọdún 2003 pẹ̀lú àfikún rẹ̀ tó ń jẹ́ Lost Dungeons of Norrath, World of Warcraft sì sọ ọ́ di àṣà ní oṣù kọkànlá ọdún 2004. Guild Wars tó tẹ̀lé e ní ọdún 2005 lọ jìnnà ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé bí ènìyàn bá ti jáde kúrò nínú ìlú báyìí, gbogbo ilẹ̀ tó kù jẹ́ ẹ̀dà ti òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan. Ohun tí instance ṣe fún World of Warcraft kò kéré. Ọ̀gá iwin kò tún jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan mọ́. Àwọn tó ṣètò ìjà mọ iye ènìyàn tí yóò wọlé, 40 nígbà náà, wọ́n sì lè wọn agbára iwin náà mọ́ iye yẹn, kí ọgbọ́n wúlò ju pé kí a kàn kó èrò wá lọ. Kò sẹ́ni tí yóò sọ fún mi pé ó yẹ kí a padà síbi tí a ti wá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ènìyàn ń rántí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, nínú World of Warcraft, àrùn kan tí iwin Hakkar máa ń fi ran àwọn tó bá wọ Zul'Gurub jáde kúrò nínú instance náà nípasẹ̀ àwọn ẹran ọ̀sìn tí eléré pè padà síta nígbà tí àrùn ṣì wà lára wọn, ó sì pa èrò bí ilẹ̀ bí ẹní nínú àwọn ìlú ńlá. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, àwọn eléré sáfà kọ̀ọ̀kan kó ẹrù ogun jọ, wọ́n ṣí ẹnubodè Ahn'Qiraj, èrò sì ya bo aṣálẹ̀ Silithus débi pé sáfà ń kú, ó ń jí, ó tún ń kú. Géèmù há, inú bí àwọn ènìyàn, síbẹ̀ títí di òní ni wọ́n ń sọ ọ́ pé àwọn wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì tó lè ṣẹlẹ̀ bí kálukú bá wà nínú ẹ̀dà tirẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí ni ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e, nígbà tí àwọn géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í pín ojú ọ̀nà, ọjà àti igbó sí ẹ̀dà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Níbi tí ilẹ̀ ti ṣófo, n kò bá wọn jà: World of Warcraft bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn sáfà tó ti gbẹ pọ̀ ní ọdún 2012 kí arìnrìn-àjò lè rí ènìyàn bá pàdé, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Pípín tí wọ́n ń pín àwọn tó ti wà pọ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo kórìíra. Nínú géèmù kan tí n kò ní dárúkọ, èmi àti àbúrò mi jọ fàdéhùn sí abẹ́ igi ńlá kan lẹ́bàá afárá. Ó pè mí lórí fóònù: “Ẹ̀gbọ́n, mo ti dé abẹ́ igi o, ẹ̀yin dà?” Mo ní abẹ́ igi náà ni mo wà. Ó ní kí n fò sókè, mo fò. Ó ní òun kò rí nǹkan kan. Ó sọ àwọ̀ ẹṣin tó wà nítòsí rẹ̀ fún mi, kò sí ẹṣin kankan lọ́dọ̀ mi. Ìgbà tí a forúkọ ara wa sínú ẹgbẹ́ kan náà ni ayé mì lẹ́ẹ̀kan, tó wá yọ síwájú mi bí iwin, tòun ti ẹṣin. Àwọn àjèjì tó ti wà lọ́dọ̀ mi, tí a ti ń kí ara wa, pòórá ní ìṣẹ́jú yẹn. N kò tún rí wọn mọ́.

Ìrírí irú ìyẹn ló mú kí n máa wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, nígbà tí wọ́n ṣí World of Warcraft Classic, ìyẹn géèmù náà bí ó ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n pín èrò sí ìpele, èyí tí wọ́n ń pè ní layering, pẹ̀lú ìlérí pé fún ìgbà díẹ̀ ni, ìpele kọ̀ọ̀kan sì gbòòrò ju ẹ̀dà kéékèèké ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tí o bá pàdé láàárọ̀ ṣeé ṣe kí o tún rí i ní ìrọ̀lẹ́ ní ìlú mìíràn. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, èrò ṣì pọ̀ ju iwin lọ. Kí ni àwọn eléré ṣe? Wọ́n tò sí ìlà. Arárá, ènìyàn, ẹni tó gbé idà àti ẹni tó gbé ọ̀pá, wọ́n tò lẹ́yìn ara wọn lórí koríko, iwin náà á dìde, ẹni tó wà níwájú á pa á, á gba ohun tó wá gbà, á sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó bá já ìlà, gbogbo wọn á bú u. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí ní Lower Guk náà nìyẹn, ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, láàárín àwọn tí ọ̀pọ̀ wọn kò fẹsẹ̀ kan EverQuest rí.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì rò pé instance ń pa ìlà rẹ́ pátápátá, kó rántí Final Fantasy XIV ní oṣù kẹfà ọdún 2017, nígbà tí àfikún rẹ̀ tó ń jẹ́ Stormblood ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ kan wà tí ènìyàn gbọ́dọ̀ bá Raubahn, ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn inú ìtàn géèmù náà, sọ̀rọ̀ kí ó tó wọ ìjà tirẹ̀ nìkan. Sáfà tó ń pèsè àwọn ìjà àdáṣe yẹn kún, kò gba èrò mọ́, ìtàn sì dá dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn níwájú ọkùnrin kan ṣoṣo. Ẹ̀dà náà ń jẹ agbára kọ̀ǹpútà, ibi tí èrò ti há kàn yí padà ni. Àwọn eléré sì tò níwájú Raubahn.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní kí n sọ ibi tí wọ́n máa mọ ògiri sí, màá ní kí wọ́n mọ ọ́n yí ọ̀gá iwin àti ìṣúra rẹ̀ ká, kí wọ́n sì fi ojú ọ̀nà, ọjà àti afárá sílẹ̀ fún gbogbo wa. Níbi tí agbára sáfà kò bá sì gbà á, kí wọ́n jẹ́ kí a mọ̀. Final Fantasy XIV ń ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ tuntun bá kún: ó máa ń fi nọ́ńbà sára ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ènìyàn sì lè lọ yan èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà. Guild Wars 2 náà, bí ẹ̀dà kan bá ń ṣófo tí wọ́n fẹ́ tì í, máa ń sọ fún àwọn tó kù níbẹ̀ ṣáájú, ó máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kó lọ síbi tí èrò wà, ó sì máa ń fún ẹni tó bá gbà ní ẹ̀bùn díẹ̀. Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe géèmù tuntun kò ju ìyẹn lọ: nọ́ńbà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ilẹ̀, àti ìbéèrè kan kí wọ́n tó gbé ènìyàn kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀.