Kíláàsì tí ẹnikẹ́ni ò kọ
Inú mi dùn gan-an lálẹ́ yìí! Àwọn oníbàárà wa kì í yé mú irú dátà tuntun wá, a ò sì lè máa tún prógírámù kọ torí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Protocol Buffers la ń lò, ìyẹn ọ̀nà tí a ń gbà sọ dátà di báìtì; inú fáìlì .proto la ti ń kọ bí dátà ṣe rí. Mo bá fi protoc, irinṣẹ́ tó ń ka fáìlì yẹn, àti àṣẹ --descriptor_set_out sọ fáìlì .proto wọn di àpèjúwe tí prógírámù lè kà (ẹ má gbàgbé --include_imports o, kí àwọn fáìlì tó gbára lé lè bá a lọ). Python kó o sínú DescriptorPool (ibi tí àwọn àpèjúwe ń wà), iṣẹ́ GetMessageClass sì fún mi ní kíláàsì, ìyẹn àwòṣe tí prógírámù fi ń ṣẹ̀dá dátà, lójú ẹsẹ̀. Mo fi iye owó sí i, mo sọ ọ́ di báìtì, mo tún tú u, gbogbo rẹ̀ pé pérépéré. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú Protocol Buffers nìyí: orúkọ fíìdì (ààyè kọ̀ọ̀kan nínú dátà) kì í bá báìtì rìn, nọ́ńbà rẹ̀ ló ń lọ, àpèjúwe ló mọ orúkọ. Ẹ̀yin tó ń lo Java, DynamicMessage ni tiyín fún irú iṣẹ́ yìí. Èdè Go ní dynamicpb.