Àárín ìwé niṣẹ́ wà, kì í ṣe ìparí rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn tí a fi ń kọ́ ọmọdé bí a ṣe ń parí ìjà ló ní gbólóhùn kan lẹ́yìn pátápátá: "Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má jà." Gbólóhùn yẹn ló sábà máa ń mú kí òbí ra ìwé náà, òun gan-an sì ni ọmọ kì í gbọ́. Kí wọ́n tó kà á débẹ̀, ọmọ ti fi ogún ojú ìwé wo bí wọ́n ṣe ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ ara wọn, tí wọ́n ń ti ara wọn ṣubú. Ìyẹn ló máa rántí.

Nítorí náà, ẹ ka ìwé náà tán fúnra yín kí ẹ tó gbé e síwájú ọmọ. Ìwé ìtàn aláwòrán sábà máa ń ní ojú ìwé 32. Ẹ ṣírò iye tí ìjà gbà, kí ẹ ṣírò iye tí àtúnṣe gbà. Bí ìjà bá gba 25, tí ẹni tó ṣẹ̀ kàn ní "jọ̀ọ́, má bínú" lójú ìwé kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ sì parí, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un. Èyí tó wúlò ni èyí tí a ti rí ẹni tó ṣẹ̀ tó ń tún nǹkan ṣe: ó ṣa ohun tó fọ́ jọ, ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó lọ jókòó ti ẹni tó ń sunkún.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìtàn tí ìyà ti jẹ ọmọ burúkú. Ní 2014, Kang Lee ti Yunifásítì Toronto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ọdún 3 sí 7. Ìtàn tí òpùrọ́ ti jìyà kò mú kí àwọn ọmọ náà sọ òtítọ́ sí i. Èyí tí ọmọ inú rẹ̀ jẹ́wọ́ tí wọ́n sì yìn ín ló ṣe é. Nígbà tí wọ́n yí ìparí ìtàn yìí kan náà padà, tí wọ́n fi ìyà sí i, agbára rẹ̀ pòórá. Irọ́ ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe ìjà, ṣùgbọ́n èmi ò rí ìdí tí ti ìjà yóò fi yàtọ̀.

Ìtàn ẹranko tó wọ ṣòkòtò, tó ń ṣe bí ènìyàn, ńkọ́? Ìwádìí mìíràn láti Toronto, ti 2017, lo ìtàn nípa pínpín nǹkan fún àwọn ọmọ ọdún 4 sí 6. Àwọn tí wọ́n ka ti ènìyàn fún fi sítíkà tọrẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n ka ti ẹranko fún kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kí ẹ da ìwé ẹranko nù o, ọmọ fẹ́ràn wọn jù. Ẹ ṣáà bi í pé, "Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí lára àwọn tí o mọ̀?"

Ọjọ́ kìíní, ẹ kà á láìdúró. Ọmọ tí kò tíì mọ ibi tí ìtàn ń lọ kò ráyè fún ìbéèrè. Ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta sínú ìwé ṣáájú: ọ̀kan síbi tí ìbínú ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ọwọ́ tó lọ, ọ̀kan síbi tí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ti hàn dáadáa, ìkẹta síwájú ojú ìwé tí àtúnṣe wà. Mẹ́ta tó. Bí ẹ bá dúró lẹ́ẹ̀mẹfà, ìtàn ti kú.

Ní bébà kìíní àti ìkejì, ẹ ní, "Wo ojú rẹ̀. Kí ló ń ṣe é? Kí ló fà á?" Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ ka ení, èjì, títí dé èje nínú yín. Ibí yìí ni àgbàlagbà ti ń bà á jẹ́, nítorí ẹnu ń yún un láti dáhùn. Ìwádìí Celia Brownell, onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọdé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2013, lórí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, rí i pé àwọn tó tètè ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ tí wọ́n sì ń pín nǹkan ni àwọn tí òbí wọn ń bi ní irú ìbéèrè yìí nígbà tí wọ́n bá jọ ń wo ìwé. Kí òbí fúnra rẹ̀ máa dárúkọ ohun tó ń ṣe ẹni inú àwòrán fún ọmọ kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èdè Yorùbá sì ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́. Inú ń bí i, ojú ń tì í, àyà rẹ̀ ń já, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀: ọmọ ọdún mẹ́ta lè fọwọ́ kan ibi tó wà lára rẹ̀. Ẹ má fi "inú ẹ̀ ò dùn" bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Owú àti ìtìjú ló máa ń wà nídìí ọ̀pọ̀ ìjà ọmọdé, ọmọ kò sì mọ orúkọ wọn.

Ní bébà kẹta, ẹ fọwọ́ bo ìwé. "Kí ló lè ṣe báyìí?" Ẹ gba èsì méjì, ó kéré tán. Bí ọmọ bá ní "Kó gbá a létí," ẹ má bá a wí. "Ó dáa, ó gbá a. Kí ló máa wà lójú ìwé tó kàn?" Ẹ jẹ́ kó tò ó fúnra rẹ̀ dé ibi tí eré ti dàrú.

Lọ́jọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ fi ìtàn náà ṣe eré fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọ á kọ́kọ́ ṣe ẹni tó ṣẹ̀, torí òun ni gbogbo wọn ń fẹ́, kó tó wá ṣe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Àtúnṣe ni kó kẹ́yìn. Ọmọ tó ti lókìkí ìjà, ẹ má jẹ́ kí ipò òṣìkà di tirẹ̀ lójoojúmọ́.

Bí ọmọ kò bá tíì tó ọdún 4, ẹ má béèrè ohun tí ẹnì kan rò pé ẹnì kejì mọ̀. Kò ì tíì yé e. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju mẹ́fà lọ, torí ẹni tí kò rí ojú inú àwòrán kò lè sọ ohun tó ń ṣe é.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n mú ìwé ìlàjà jáde nígbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán. Ara rẹ̀ ṣì ń gbóná, kò gbọ́ nǹkan kan, ìwé á sì di pàṣán. Ẹ dúró dọ́la. Ẹ má sì ní "Ṣé o rí i, ìwọ náà nìyẹn," torí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara rẹ̀ dípò kó máa wo ìtàn.

Èyí tí ẹ lè mú kúrò nínú ìwé lọ síbi eré ni gbólóhùn kan péré, èyí tí ọmọ ti mọ̀ sórí. Nígbà tí ọwọ́ bá fẹ́ lọ, ẹ sọ ọ́ wẹ́rẹ́, kí ẹ má fi àlàyé kún un. Bí ẹ bá ń sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lójúmọ́, yóò di ìbáwí, ọmọ á sì máa sá fún ìwé náà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e pamọ́ fún bí oṣù kan, kí ẹ mú òmíràn.